Ère, orin àti aṣọ: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa bí Yorùbá ṣe ń dárò òkú

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lu ìlù fún òkú kan, tí wọ́n sì ń dákẹ́ fún òmíràn?

Ọjọ́ orí ẹni tó lọ ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí. Bí arúgbó tó bímọ tó sì rí ọmọ-ọmọ bá lọ, a kì í fẹnu ara wa sọ pé ó kú. A ó ní ó papòdà, ó sùn, ó wọ káà ilẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ọba, ó wàjà. Irú òkú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa màlúù fún, tí onídùndún ń tẹ̀ lé láti ilé dé sàréè. Ẹni tó bá wá kí ilé á ní, "Ẹ kú àṣèyìndè, ẹ kú ìnáwó, ẹ̀yìn bàbá á dáa."

Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, kò sí ìlù, kò sí agbádá. Kíá ni wọn á sin ín. Òbí rẹ̀ kì í dé ibi sàréè, nílé mìíràn wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ ojú oórì náà. Kíkí rẹ̀ yàtọ̀: "Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀ mọ́." Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dárúkọ ọmọ náà mọ́ lójú ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, ti àgbà ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọnà ìrántí tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Ẹni tí ikú rẹ̀ kò dunni jù là ń dárà fún jù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú, àmọ́ ẹ wo agbo ìnáwó èyíkéyìí, ẹ ó rí i. Ère ìbejì ló yà kúrò nínú rẹ̀ gedegbe, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń béèrè jù.

Kí ni ère ìbejì, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?

Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lágbàáyé. Igbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tilẹ̀ ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì láti 2018. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ọmọ tó bá bá ìkejì rẹ̀ pín inú kì í sábà tóbi nígbà ìbí, ikú ìbejì sì wọ́pọ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ọkàn Táyé àti Kẹ́hìndé so pọ̀. Bí ọ̀kan bá lọ, ó lè máa pe ìkejì, ó sì lè bá ìyá rẹ̀ jà.

Ìyá á gba ọ̀dọ̀ babaláwo lọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọn á bá agbẹ́gilére sọ ọ́. Ère náà kì í tóbi, ó sábà máa ń wà láàárín 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Agbẹ́gilére á fi hàn bí ó bá jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, á kọ ilà ìdílé sí i lójú, á sì gbẹ́ irun rẹ̀ ní dídì gogoro. Bó bá parí iṣẹ́, wọn á fún un ní owó, wọn á sì se oúnjẹ fún un, kí wọ́n tó gbé ère náà relé.

Ibi tí iṣẹ́ agbẹ́gilére parí sí ni ti ìyá ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá á máa wẹ ère náà. Á fi osùn pa á lára, á fi ẹlú kun irun rẹ̀ (nígbà tí búlúù aṣọ dé ọjà, ọ̀pọ̀ ìyá fi ìyẹn rọ́pò ẹlú). Á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn àti nídìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá se ẹ̀wà fún èyí tó wà láyé, wọn á fi díẹ̀ kan ère náà lẹ́nu. Bí wọ́n bá ra aṣọ fún ọ̀kan, ti ìkejì á wà níbẹ̀. Bí ìyá bá ń jó lọ sọ́jà, á fi ère náà há aṣọ níwájú, àwọn ọlọ́jà á sì nawọ́ owó sí ìyá ìbejì. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé, "Ṣé o kò tíì gbàgbé ni?" Bí ìyá bá kú, ọmọ tó kù tàbí ẹlòmíràn nínú ilé ló ń gba ìtọ́jú náà ṣe.

Ọ̀pọ̀ ère ìbejì ló wà ní mùsíọ́mù ní London, New York àti àwọn ìlú mìíràn báyìí. Ẹ ó rí i pé ojú àti imú àwọn kan ti pa rẹ́ pátápátá, igi náà wá ń dán. Àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ fẹ́ràn irú èyí, wọn á sì fowó lé e. Ọwọ́ ìyá ni ó pa ojú rẹ̀ rẹ́, láti inú wíwẹ̀ àti bíbọ́ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún.

Kí ló dé tí ère ọmọ ìkókó fi ní ọyàn, tí ojú rẹ̀ sì dà bíi ti àgbà?

Agbẹ́gilére kò gbẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ó gbẹ́ ẹni tí ọmọ náà ì bá dà. Orí rẹ̀ sì máa ń tóbi ju ara lọ, nítorí orí ni ọlá ènìyàn wà. Ìjọra kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá nínú rẹ̀.

Ọmọ tí kì í ṣe ìbejì ńkọ́?

Kò sí ère fún un, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ohun tí àwọn òbí rí ṣe ni orúkọ. Ilé tí àbíkú bá ti ń ṣe ọṣẹ́ ni ẹ ti ń gbọ́ Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. Ọmọ tó dúró ló ń jẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tó ti lọ ṣáájú rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì ń pe ìtàn náà jáde lójoojúmọ́. Ní ti àgbà, a ní Babátúndé, Yétúndé, Ìyábọ̀.

Bí ẹ bá pàdánù ọmọ, tí ẹnìkan nínú ẹbí ní kí ẹ sun aṣọ rẹ̀, kí ẹ fa fọ́tò rẹ̀ ya dànù nítorí "àṣà kò gbà á", ẹ rántí ìyá ìbejì tó ń gbé ère ọmọ tirẹ̀ rọ̀ mọ́ra lójú ọjà. Àṣà kan náà ló gba ìyẹn láàyè. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é láti fi ìyà jẹ yín, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí ọmọ má baà máa padà wá. Ẹ lè dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì pa fọ́tò yín mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé fọ́tò gba ipò ère ìbejì?

Láwọn ibì kan, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ àti Ìsìláàmù gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá kò fẹ́ kí wọ́n rí ère nílé wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ lásán. Àwọn kan ra bèbí onírọ́bà lọ́jà, wọ́n sì ń ṣètọ́jú rẹ̀ bí ère. Ní Ìlá Ọ̀ràngún láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn fọ́tógiráfà ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá. Wọn á ya èyí tó kù nínú ìbejì lẹ́ẹ̀kan, wọn á tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, á wá dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí ìkejì sì jẹ́ obìnrin, wọn á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọn á yà á, wọn á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn á tún yà á.

Ẹ ronú sí i: ọmọ kékeré jókòó fún fọ́tò arákùnrin rẹ̀ tó ti kú. Ara mi bù máṣọ, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ ògiri pálọ̀, àlejò sì ń rí ọmọ méjì.

Kí ni àkó tí wọ́n ń ṣe l'Ọ́wọ̀?

Ère onígi tó tó ènìyàn gan-an ni, tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì fún àgbà ọlọ́lá tí ọmọ rẹ̀ rí ìná ná. Agbẹ́gilére á sapá kí ojú ère náà jọ ti olóògbé, èyí sì ṣọ̀wọ́n gidi nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Wọn á wọ aṣọ olówó iyebíye fún un, wọn á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, wọn á gbé e jókòó kí àwọn ará ìlú wá wò ó, lẹ́yìn náà wọn á gbé e yí ìlú ká kí wọ́n tó sin ín. Èyí tí a mọ̀ jù ni ti ìyá Ọlọ́wọ̀ Ọlátẹ́rù Ọlágbègí Kejì, tí ọba náà ṣe láàárín àwọn ọdún 1940.

Àkó yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ kan ronú nípa orí idẹ Ifẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, rí àwọn orí idẹ tó jọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun kan kò fẹ́ gbà pé ọwọ́ ará Ifẹ̀ ló ṣe é. Ihò wà yí ọrùn àwọn kan ká. Àbá kan ni pé igi ni wọ́n kàn án mọ́, tí wọ́n wọ aṣọ fún un, kí ó lè dúró fún ọba tó wàjà níbi ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì, bíi ti Ọ̀wọ̀. Àwọn mìíràn ní rárá, adé ọba tàbí ohun oyè ni wọ́n fi ń gbé lé e. Ẹnu kò tíì kò.

Kí ni ìyàtọ̀ ìjálá àti ìrèmọ̀jé?

Ewì ohùn ọdẹ ni méjèèjì. Ọdẹ lè sun ìjálá níbi ìgbéyàwó, níbi ìkómọ, nídìí ẹmu. Kì í sun ìrèmọ̀jé bí kò bá sí òkú ọdẹ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣípà ọdẹ (ètùtù ìkẹyìn fún ọdẹ tó kú), àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á péjọ lóru, wọn á máa sun ìrèmọ̀jé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọn á ki orílẹ̀ rẹ̀, wọn á ka ẹran tó pa, igbó tó wọ̀, wọn á bú ikú, wọn á tún bi olóògbé léèrè pé ta ló fi àwọn sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sun á fi ohùn sísun náà sunkún, omi ojú á máa dà, ọ̀rọ̀ kò sì ní ja.

Wọn á kó aṣọ ọdẹ olóògbé, àpò rẹ̀ àti díẹ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ lọ sínú igbó. Láti ìgbà náà, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ ọdẹ ayé, wọ́n fà á lé Ògún àti àwọn ọdẹ ọ̀run lọ́wọ́. Bí wọn kò bá ṣípà, wọ́n gbà pé kò tíì lọ tán, ó sì lè máa da àwọn tó kù láàmú nínú igbó. Èyí ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe ni wọ́n fi sin ín, ẹni tó bá a ṣe iṣẹ́ náà ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Kí ni wọ́n ń sọ fún òkú gan-an?

Ẹ ó gbọ́ èyí lẹ́nu àgbà níbi púpọ̀: "Má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o bá wọn jẹ." Wọn á tún ní, "Ó dìgbéré, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá." Oúnjẹ ni ìdágbére wa dá lé, bí ìyá ṣe máa ń kìlọ̀ fún ọmọ tó ń lọ sílé ẹlòmíràn.

Àwọn obìnrin ilé ló sábà mọ oríkì jù, pàápàá àwọn ìyàwó tó ti pẹ́ nílé ọkọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí ìyàwó ilé kan ń ki olóògbé láti orí baba-ńlá rẹ̀ wá sí orí àwọn ọmọ tó dúró níbẹ̀, ẹ má dá a dúró láti fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ yẹn máa ń gé e lóhùn. Ẹ gbé fóònù sítòsí rẹ̀ ní jẹ́ẹ́.

Ṣé òkú ni egúngún?

Ará ọ̀run là ń pè é. Egúngún ìdílé dúró fún àwọn tó ti lọ nínú ìdílé náà. Aṣọ lórí aṣọ ni agọ̀ rẹ̀: àdìrẹ, sányán, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ohun yòówù tí ìdílé bá rà. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, wọn á máa fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́, débi pé ẹ lè tú agọ̀ kan wò, kí ẹ rí aṣọ ìgbà bàbá, ìgbà bàbá bàbá.

Láwọn ilé kan, lẹ́yìn ìsìnkú, egúngún kan máa ń jáde bí olóògbé gan-an. Á rìn bó ṣe ń rìn, á fi ohùn ségesège pe àwọn ọmọ lórúkọ, á súre fún wọn, á sì dágbére. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ènìyàn wà nínú agọ̀. Omi ojú á ṣì bọ́.

Ṣé àwọn ará wa ní Brazil ṣì ń ṣe é?

Wọ́n ń ṣe é dáadáa. Ní erékùṣù Itaparica, ní Bahia, ilé egúngún tí wọ́n ń pè ní Ilê Agboulá ṣì wà, wọ́n sì ń pe egúngún Babá. Mestre Didi (1917–2013) jẹ́ Alápìíní (olórí awo egúngún) ní Bahia, ó sì tún jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà tó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ, awọ, owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ère. Bí olórìṣà bá kú nílé Candomblé (ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ará Brazil), wọ́n ń ṣe axexê, ìyẹn ètùtù ìdágbére òkú, fún un ní ọ̀pọ̀ òru, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń lu igbá dípò ìlù, wọ́n sì ń pín ohun ìní rẹ̀ tàbí kí wọ́n kó o lọ sódò.

Ẹ̀yọ̀ Èkó ńkọ́? Mo rò pé àríyá ni.

Adámú Òrìṣà ni orúkọ rẹ̀, ìsìnkú ọlọ́lá sì ni. Èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lákọ̀ọ́kọ́ ni ti 20 oṣù Kejì ọdún 1854, tí wọ́n ṣe fún Ọba Akítóyè tó wàjà lọ́dún tó ṣáájú. Kì í ṣe ọdọọdún. Ọba, olóyè tàbí ẹni tó ṣe gudugudu méje fún Èkó ni wọ́n ń ṣe é fún. Aṣọ funfun ni láti orí dé ẹsẹ̀, akẹtẹ̀ ló ń fi ìgá (ilé olóyè) kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn, ọ̀pámbàtà sì wà lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ bọ́ bàtà, ẹ má di ṣùkú, ẹ má mu sìgá, ẹ má sì gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà wọ ibẹ̀. Wọ́n máa ń na ènìyàn, ẹ má sọ pé a kò wí.

Onígbàgbọ́ ni mí (tàbí Mùsùlùmí). Kí ni mo lè ṣe nínú èyí?

Ẹ̀sìn yín ló ni kí ó sọ fún yín, èmi kì í ṣe àlùfáà. Mùsùlùmí ń sin òkú ní kíá, ó sì ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí a mọ̀ sí fídáù, níbi tí olórin wákà ti lè wà. Onígbàgbọ́ ní àìsùn àti ìsìn ìdúpẹ́. Oríkì kò ta ko ọ̀kankan nínú méjèèjì ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí.

Ṣé aṣọ ẹbí àti pósítà òkú náà wà lára iṣẹ́ ọnà?

Bí aṣọ ẹbí bá ti di ohun tí àwọn kan ń fi gbèsè rà, ìrántí kọ́ ni mọ́, ìfihàn ni. Pósítà lára ògiri àti ìwé ètò ìsìnkú tó kún fún fọ́tò dára ju bí àwọn kan ṣe ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ìdílé mìíràn, ìwé ètò yẹn nìkan ni ìtàn ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ rí.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí jù ni ti àwọn ọ̀dọ́. Bí ọ̀dọ́ bá kú báyìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kó owó jọ, wọ́n ti tẹ fọ́tò rẹ̀ sára tíṣẹ́ẹ̀tì dúdú, wọ́n ti fi àwòrán rẹ̀ sí WhatsApp, wọ́n ti tan àbẹ́là ní títì àdúgbò. Àwọn àgbà ń kùn pé èyí kì í ṣe àṣà. Òótọ́ ni, àmọ́ kí ni àṣà ní kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n dákẹ́. Wọn kò dákẹ́, wọ́n sì mú ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ṣe ère.

A rí ère ìbejì nínú àpótí màmá àgbà tó kú. Kí ni ká ṣe?

Ẹ má sun ún, ẹ má sì tà á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹ bi àwọn àgbà ilé pé ta ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ìyá màmá yín ni, ó sì lè jẹ́ ẹnìkan tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ tàbí fáńíṣì kàn án, nítorí osùn tó gbẹ mọ́ ọn lára jẹ́ apá kan ìtàn rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó wà nílé, mùsíọ́mù ìjọba lè gbà á. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ mùsíọ́mù orílẹ̀-èdè sílẹ̀ kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kó irú ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Bàbá wa kò ya fọ́tò rí. Kí la lè fi ṣèrántí wọn?

Ẹ wá ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé, kí ẹ lọ bá a lówùúrọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá mókun. Ẹ ní kí ó ki bàbá yín, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í nípa iṣẹ́ wọn, ilà ojú wọn, orin tí wọ́n fẹ́ràn, oúnjẹ tí wọn kì í jẹ, ẹni tí wọ́n bá jà. Bí ó bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ yín nínú, ẹ má gé e kúrò. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ó má jẹ́ orí fóònù kan ṣoṣo ló wà, kí ẹ sì fún ọmọ tó kéré jù nílé ní ọ̀kan.